Ìṣẹ̀lẹ̀ Kọ́ Ló So Okùn

Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, lọ́dún tó tẹ̀lé òmìnira, àwọn àgbà ìjọ mẹ́ta wá bá Hannah nílé rẹ̀ ní Odigbo. Wọ́n gbé iṣu márùn-ún àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́. Hannah ń fún Olútóyìn lóúnjẹ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì fi òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ọmọ náà lẹ́nu kó tó dìde.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Olútóyìn. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ore kí wárápá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ṣánlẹ̀. Olúsọjí, bàbá rẹ̀, tó ń dáko kòkó ní Araromi-Obu, ló mú un wá sílé àdúrà. Wòlíì Ọlọ́runtóbi so ó lọ́wọ́ mọ́ òpó fún ọjọ́ mọ́kànlá, kí ẹ̀mí tó ń dà á láàmú má baà gbé e sá lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tú u, ọwọ́ ọ̀tún ti dúdú. Àwọn dókítà gé e láti ọrùn ọwọ́. Olúsọjí padà sóko rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Olútóyìn ti kúrò ní ọsibítù, yàrá Hannah ló ń sùn.

Abraham, olórí àwọn àgbà, ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin la wá bẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé Wòlíì sí ipò Àpọ́sítélì lọ́jọ́ Àjíǹde. Àwọn aṣíwájú wa ní kí ẹni tí inú ń bí kọ́kọ́ tẹ̀ka pé òun ti dárí jì í. Olúsọjí ti tẹ tirẹ̀. Ó ku ẹ̀yin."

"Olútóyìn ńkọ́?"

"Bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ dìde láàárín ìjọ tí ẹ ní ọwọ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni àwọn èèyàn ń wojú."

Hannah ní òun ti gbọ́. Ó ní kí wọ́n lọ mú Ọlọ́runtóbi wá.

Wòlíì dé ní ìrọ̀lẹ́, nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò wọ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀mí náà ló ń ké."

Hannah gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀.

"O ti rù," ó ní.

Akínwọlé, akọ̀wé ìjọ, tó bá Wòlíì wá, ti tẹ́ ìwé sórí àpótí. Ó ka ohun tó kọ sí wọn létí: Hannah dárí ji Wòlíì nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ tó wáyé nílé àdúrà.

"Ìṣẹ̀lẹ̀ wo?" Hannah bi í.

"Èyí tí gbogbo wa mọ̀, Màmá."

"Ìṣẹ̀lẹ̀ kọ́ ló so okùn. Jésù ní kí n dárí jini, n ó sì ṣe é. Àmọ́ mi ò lè dárí ohun tí kò lórúkọ ji ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n mú ọ̀kan."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Abraham ní kò burú, kí ọ̀rọ̀ ṣáà tán. Ọlọ́runtóbi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níbi tó dojú bolẹ̀ sí, Akínwọlé sì ń kọ: ọjọ́ tó so ọmọ náà, irú okùn tó lò, ọjọ́ kẹfà tí ọmọ náà ní òun kò mọ ọwọ́ òun mọ́, àwọn àgbà mẹ́ta tó wá wò ó tí wọ́n ní kí Wòlíì fi kún àdúrà. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹ fi orúkọ tèmi sí i," Hannah ní. "Mo gbọ́ igbe rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Mo padà sídìí ààrò."

Gbogbo wọn tẹ̀ka. Hannah ló tẹ̀ kẹ́yìn.

"Ó ti parí nìyẹn, àbí, Màmá?" Abraham bi í.

"Mo ti dárí jì í," ó ní.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Olútóyìn gún abẹ́rẹ́ mọ́ etí ẹní, ó ń fi ọwọ́ òsì wá ojú abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú òwú.

"Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ dárí jì í?"

"Lóòótọ́ ni."

"Èmi ò tíì lè ṣe é."

"Kò sẹ́ni tó ń lé ọ," Hannah ní. Ó bá a ki òwú náà bọ abẹ́rẹ́, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì jáde.

Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó gba Ore lọ sí Okitipupa. Ó jókòó sábẹ́ igi kan tó kọjú sí àgọ́ ọlọ́pàá, títí oòrùn fi kàn án lórí. Lẹ́yìn náà ló wọlé.

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin yìí lè pẹ́ lẹ́wọ̀n?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ti dárí jì í. Kí ló dé tí ẹ tún wá fẹjọ́ sùn?"

"Wọ́n mú ọmọ mìíràn wá láti Ajue lánàá," Hannah ní. "Òpó náà ṣì wà níbẹ̀."

Ọlọ́pàá fa fọ́ọ̀mù kan jáde. Ó kọ orúkọ Hannah sókè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹjọ́ sùn. Ó kọ orúkọ Ọlọ́runtóbi sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bi í ní ọjọ́ orí ọkùnrin náà, Hannah ní ó ku oṣù méjì kó pé ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, Hannah dá a lóhùn, ó ní bàbá náà ti di olóògbé.

"Orúkọ ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ti kọ ọ́ sókè níbẹ̀," Hannah ní. "Èmi ni mo bí i."