Dùnmínínú Ti Dé Róòmù

Dùnmínínú rẹ ohùn sílẹ̀ kí ó tó gbé ìpè ìyá rẹ̀.

"Báwo ni Róòmù?"

"Ìlú ńlá ni, mà. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, mo máa kọjá sí Párísì."

"Ṣé o ti ń jáde?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

Láti ọjọ́ tó ti dé yàrá yìí, kò tíì fẹsẹ̀ kan ìta.

Bí Ṣìkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbà á sílé, bá ń lọ síbi iṣẹ́, á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta, kí àwọn ará ilé má baà fura pé ẹnì kan wà nínú.

Bí ikọ́ bá gbé Dùnmínínú, ìrọ̀rí ló fi ń bo ẹnu. Bí ẹsẹ̀ bá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní mira títí ẹni náà á fi kọjá.

Gbogbo ìjọ ló gbàdúrà fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Àwọn ìyá ìjọ sunkún ayọ̀.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà."

Àgádágodo dún. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ṣìkẹ́ wọlé, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ìyá Dùnmínínú ló tẹ̀lé e, fóònù ṣì wà létí rẹ̀.

"Ṣìkẹ́ ti sọ fún mi pé wọ́n dá ọ padà l'Ékòó, pé o ò wọ bàálù rárá. Adó-Èkìtì níbí lo wà, tí èmi wà ní Ìgèdè nítòsí, tí mò ń gbàdúrà kí òtútù òyìnbó má pa ọ́."

Dùnmínínú kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jẹ́ á lọ ulé."