Garawa Iyanrìn Àwẹ̀ró

Bí Làmídì ọlọ́kadà ṣe dé ìsọ̀ tí Àwẹ̀ró ti ń pààrọ̀ bátìrì, bátìrì ọ̀kadà rẹ̀ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn: "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń gbóná lápá òsì."

Àwẹ̀ró ṣì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, bí ẹni ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Iná bátìrì ló jó ìsọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kanlẹ̀. Ó gbé e sínú ìkòkò amọ̀ kó lè tutù, ó fún Làmídì ní òmíràn.

Làmídì ní, "Ìyá, ó kúkú ti sọ fún yín."

 Àwẹ̀ró lọ wo garawa iyanrìn pípa iná tó máa ń yẹ̀ wò láràárọ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí ẹnikẹ́ni ò bù ú. Adìyẹ kan jókòó sínú rẹ̀, ó ń yéyin lọ́wọ́.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé garawa tadìyẹtadìyẹ lọ sídìí ògiri, kúrò lẹ́sẹ̀ èrò.