Omi Dídùn tí Ẹ̀rọ Àtùpà Kò Rí

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ohun tí ojú ò bá ti rí ti di àṣegbé.

1.
Obìnrin kan ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin níṣẹ́ àyẹ̀wò oògùn. Nígbà tí àbúrò di ọ̀gá nílé iṣẹ́ oògùn, ó lé ẹ̀gbọ́n dànù tòun ti ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lò.
"Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn kàn ṣílẹ̀kùn, ara ẹ̀rọ yín ò balẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọlé, kẹ́ ẹ máa bá a ṣeré."

2.
Ẹ̀rọ tuntun ń fi iná àtùpà wo oògùn. Ohun tí kò bá gba iná yẹn sára, kò rí i rárá. Ọ̀gá mọ̀. Ló bá ń fi omi dídùn olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, po oògùn ikọ́ ọmọdé. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ bá rí, á ya ìlà rẹ̀ sókè bí òkìtì sórí ìwé. Òkìtì kan ṣoṣo ló yà, ti oògùn nìkan.

3.
Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mu oògùn náà. Ìtọ̀ rẹ̀ dá. Wọ́n sin ín.
Ọ̀gá wá kí wọn.
"Kí ló wà nínú oògùn yẹn?"
"Ìwé rẹ̀ rèé. Òkìtì kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ́ bí omi òjò."
Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. Kò sunkún mọ́.

4.
Ó ti ilẹ̀kùn, ó pa fáànù, ó tan ẹ̀rọ àtijọ́, ó fi ìyókù oògùn ọmọ náà sí i. Ìyẹn kì í ṣojúsàájú: bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú omi ló ń wò, ohunkóhun tó bá sì yòrò sómi ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn òkìtì oògùn, òmíràn yọ gàgàrà. Ó fi omi ẹ́ńjìnnì lásán dán an wò. Ojú kan náà ni òkìtì rẹ̀ wà.

5.
Ó pe ẹbí, ó pe ọlọ́pàá. Ó gbé ìgò àti ṣíbí síwájú ọ̀gá.
"Ṣíbí kan péré, àbúrò mi."
"Ikọ́ ò ṣe mí."
"Kì í ṣe ikọ́ ló pa ọmọ mi náà. Mu ún."
Ó wo ìyá wọn. Ìyá yíjú sógiri. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.
"Ẹ ṣàánú mi. Ọmọ ìyá yín ni mí."
"Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá mi bí. Ṣebí bí ẹ̀rọ tìrẹ ṣe máa ń kà á nìyẹn."

Ẹ̀wọ̀n ló wà dòní. Nínú ẹbí, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tí oògùn àwọn ọmọ wa ń tọwọ́ yín jáde, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ tó lè rí yín wà nílé ẹnì kan. Ẹni bá yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú á yọ́ ọ ṣe.