Ilé Mẹ́tàdínlógójì ní Bheladih

Nígbà tí ìròyìn dé Bheladih, létí odò Sonai, pé akọ̀wé ìjọba òyìnbó ń bọ̀ wá ka ènìyàn, Phulmani ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn agbaniṣẹ́ ka àwọn ọkùnrin abúlé kejì, wọ́n sì kó wọn lọ sí oko tíì ní Assam. Àbúrò rẹ̀ wà nínú wọn. Kò padà.

Ó sọ fún Budhram, olórí abúlé, pé, "Bàbá, bàbá ọmọ mi ṣì lágbára. Ẹni tí wọn ò bá kà, wọn ò lè mú un lọ."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. A kì í tiẹ̀ ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Igbó yá."

Kí oòrùn tó yọ, wọ́n pa iná, wọ́n da ewúrẹ́ síwájú, wọ́n sì fi ewé gbá ojú ọ̀nà kí ipasẹ̀ má baà hàn. Wọ́n gun òkè kọjá àwọn òkúta tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba kùn ní funfun ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Sukurmuni nìkan, arúgbó tí kò lè gun òkè, ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ọ̀sán ni akọ̀wé dé. Tíṣà ni, láti ìlú. Ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilé mẹ́tàdínlógójì. Ó fọwọ́ kan ààrò kan. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ìyá, àwọn èèyàn dà?"

"Ibà pa àwọn kan. Àwọn tó kù sá lọ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àlejò ni mí. Mo kàn ń sinmi ni."

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Ṣé orí ẹ dàrú ni? Obìnrin wo ló ń pe orúkọ ọkọ ẹ̀? Ṣé ìyàwó ẹ ń pe tìẹ ni?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, wọ́n ní ó dáa kí gbogbo èèyàn wà nínú ìwé yìí."

"Ó dáa fún ta ni?"

"Wọn ò sọ fún mi. Kí n ṣáà kà ni wọ́n ní."

"Ka ẹyẹ, nígbà náà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹnì kankan, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n padà wálé. Phulmani se ìrẹsì, ọkọ rẹ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí Sukurmuni tún ọ̀rọ̀ ẹyẹ sọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lóṣù méjì lẹ́yìn náà, òyìnbó tó fẹ́ mọ odi láti sé odò Sonai ṣí ìwé tíṣà, ó ń wá àwọn abúlé tí yóò ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n kó kúrò kí omi tó bò wọ́n, ó kà dé Bheladih, ó sì fagi lé e.