Ìgò Mùdùnmúdùn Tó Sùn Sórí Tábìlì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

1. Ọ̀gá kan wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. "Mo-Wò-Ó-Lẹ́ẹ̀kan" ni wọ́n ń pè é, torí bó bá ti fojú kan ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Orí rẹ̀ wú. Ta ni tirẹ̀ ò ní wú?

2. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n gbé mùdùnmúdùn egungun aránṣọ kan wá, ìyá ọlọ́mọ méjì. Abẹ́rẹ́ gbọọrọ ni wọ́n fi fà á níbi ìbàdí. Obìnrin náà jẹrora débi tó fi gé aṣọ jẹ. Wọ́n fi díẹ̀ sórí gíláàsì, ìyókù wà nínú ìgò kékeré.

Ọ̀gá fi aró tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì hàn sí gíláàsì, ó wò ó. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ oríṣi méjì tó jọra lójú ló wà, oògùn wọn ò sì jọra.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé ìgò yìí lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara sẹ́ẹ̀lì," ni obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí. "Kì í pẹ́ bàjẹ́ o!"

"Àbúrò, ṣé ojú mi fọ́ ni?"

Ó kọ oríṣi kìíní síwèé, ó fi ìgò sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gbalé lọ.

3. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi fún aránṣọ lóògùn. Àrùn ò fà sẹ́yìn, ńṣe ló ń gbilẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ wá béèrè ìgò kí wọ́n lè tún un yẹ̀ wò. Áà! Gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ti kú. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún aránṣọ gún lábẹ́rẹ́.

4. Ọ̀gá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù. Kó tó lanu, ìyá aránṣọ ti kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ tètè rí àìsàn ọmọ mi."

Ìtìjú bò ó bí aṣọ. Aránṣọ béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì:

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún mi gún. Ṣé ti àkọ́kọ́ ò dáa ni?"

"Ó dáa," ni ọ̀gá fèsì. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìyá dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko?"

Wọ́n tún aránṣọ gún, ẹ̀rọ sì fi hàn pé oríṣi kejì ni. Oògùn tó tọ́ dé, àmọ́ ara aránṣọ ò lè gbà á mọ́. Oṣù yẹn ò tíì parí tó fi kú.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń yìn lẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ̀ yín, bẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ tún un yẹ̀ wò, ẹ tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀bẹ̀ tí ọ̀gá yìí ń bẹ̀ títí dòní, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ò sí láyé mọ́.