Àwo Funfun Nísàlẹ̀ Ọ̀sà

Ọkọ̀ ojú omi dojú dé, ọ̀sà sì gbé Tìmílẹ́yìn lọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò rí àwo funfun tí okùn rẹ̀ so mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ni Àdùnọlá, tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òkun ní yunifásítì, ṣe ń sọ pé ó ṣì wà láàyè níbì kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun náà lọ sọ àwo tirẹ̀ sínú omi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkun a máa tú okùn irú àwo bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pòórá, kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe mọ́ tó.

Oòrùn wọ̀, omi dúdú bí aró, àwo ò pòórá.

"Ṣé o fẹ́ gbé oúnjẹ fún ẹja ni?" Bàbá Ẹ̀hìnlànwò, ọlọ́kọ̀ tó tù ú wá, bi í. "Fà á sókè, ká máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ ní sùúrù."

Okùn tán. Ó fà á, ó gbé àwo sínú ọkọ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ó tún bojú wo inú omi.

Àwo kan ṣì ń funfun nísàlẹ̀. Ó ń bọ̀ lókè.

Bàbá gbé àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, má pe orúkọ ẹni tó bómi lọ o."

Àdùnọlá ò pè é. Ó ti rí ọwọ́ tó gbé àwo náà bọ̀, bó ṣe wú bí ti òkú.