Mílíìkì Tí Wọ́n Tì Mọ́ Sítọ̀ Kòkó

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí parí, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi nǹkan àwọn aláìní sí ìkáwọ́ yín.

1.
Ọdún 1983 ni, nígbà tí àwa ará Ìjerò ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìbò ti dìjà. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń lé ara wọn kiri. Àwọn ìyá tí ilé wọn jóná kó ọmọ sá wá sí Ìjerò, wọ́n ń sùn lórí ilẹ̀ nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan. Tàwàkálítù wà lára wọn. Kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ sá gbà. Ẹ̀rù àti ebi ti gbẹ omi ọyàn rẹ̀, Jẹ̀lílì ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sì ń sunkún tọ̀sán-tòru.

2.
Àwọn ìjọ kan ní Àkúrẹ́ gbọ́, wọ́n kó àpò mílíìkì lẹ́búlẹ́bú ránṣẹ́. Alàgbà Afọlábí, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìjerò, ni wọ́n ní kó pín in. Kì í ṣe olè o. Kò bu ṣíbí kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ayé máa rí òun. Ó kó mílíìkì náà sínú sítọ̀ kòkó rẹ̀, ó fi àgádágodo tì í.

"Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ní Sátidé," ó wí. "Òun ni yóò ṣí i. Wọn yóò ya fọ́tò wa." Ó wo Jẹ̀lílì lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ọmọ yìí á dára nínú fọ́tò."

3.
Christiana, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà, sáré lọ bá a nílé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àpò kan péré fún wa. Ọmọ wọ̀nyí ò lè dúró."

"Ṣé kí àlejò wá bá àpò tó ti já? Ẹ ní sùúrù."

Victoria ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. "Bàbá Ayọ̀bọ́lá, ebi ò mọ Sátidé o!"

Alàgbà ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Sátidé dé, àlejò ò dé. Wọ́n ń dáná sun ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n sún ìbẹ̀wò náà sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Alàgbà ò tilẹ̀ yọjú sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ń lọ.

4.
Nígbà tí àlejò dé, Alàgbà dúró níwájú èrò nínú agbádá tuntun. Wọ́n gbé àpò kan jáde.

"Ìyá Jẹ̀lílì, gbé ọmọ rẹ bọ́ síwájú, kí wọ́n yà yín!"

Tàwàkálítù bọ́ síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ṣófo.

"Ọmọ dà?"

"A sin ín lánàá, bàbá."

Christiana tú ẹnu àpò. Òrùlé sítọ̀ ti jò. Mílíìkì ti dì gbagidi, ó ti bu, ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àpò yòókù. Àlejò wo Alàgbà títí, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Kí mílíìkì mìíràn tó dé, ọmọ méjì tún ti kú.

5.
Victoria kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. Àwọn àgbẹ̀ ò gbé kòkó wá bá Afọlábí mọ́. Ìjọ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Níkẹyìn, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Tàwàkálítù.

"Ọlọ́run rí mi, mi ò jí i."

"Ì bá sàn kí ẹ jí i, bàbá," Tàwàkálítù dáhùn. "Ẹni tí ẹ tà á fún ì bá ti fi bọ́ ọmọ kan."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí oúnjẹ ìyá àti ọmọ wà lọ́wọ́ yín: ẹ pín in lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ má dúró de ẹni tí yóò yìn yín. Àwọn àgbà kò purọ́: ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.